Wọn ò dá mi lóhùn níbi iṣẹ́ tuntun, kí ni kí n ṣe?

Akáǹtì_Tuntun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Oṣù yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀ka akáǹtì ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá kan. Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún mi, irú rẹ̀ ni mo ń ṣe níbi tí mo ti kúrò. Àwọn tí a jọ ń ṣe é ni mi ò mọ bí mo ṣe máa bá gbé. Bí mo bá wọlé láàárọ̀ tí mo kí wọn, ẹnì kan á mi orí, àwọn yòókù á máa tẹ kọ̀ǹpútà wọn lọ. Bí wọ́n bá ń tàkurọ̀sọ tí mo sì yọ sí wọn, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á jọ dìde lọ sí búkà tó wà lẹ́yìn ọgbà, kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá ebi ń pa mí. Ẹ̀ka wa ní gúrúùpù WhatsApp, wọn ò fi mí sí i, torí náà ìpàdé á ti yí àkókò padà kí n tó gbọ́.

Màdáàmù kan wà láàárín wọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Òun ni ojú rẹ̀ le jù. Bí mo bá bi í ní nǹkan, á ní, "Ṣé wọn ò kọ́ ọ níbi tó o ti ń bọ̀ ni?" Ọ̀gá wa kì í fi bẹ́ẹ̀ sí ní ìjókòó, ọ̀dọ̀ àwọn báǹkì àti àwọn oníbàárà ló máa ń wà.

Ọkọ mi ní kí n ra oúnjẹ fún gbogbo wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n gba ọ̀dọ̀ HR lọ, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọkàn mi ò gba ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú èyí rí, kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá_Àgbà_HR

Ọmọ mi, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kí o tó ra oúnjẹ, kí o tó fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn, wádìí èyí: ta ló jókòó sórí àga yẹn kí o tó dé, ta ló sì ti ń fojú sọ́nà pé òun ló kàn?

Iṣẹ́ gbígba èèyàn síṣẹ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Níbi tí gbogbo yàrá bá ti kọ ẹ̀yìn sí ẹni tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ àga ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ ipò náà tipẹ́ láìgba owó ipò náà. Wọ́n ti ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀, tirẹ̀ ń bọ̀. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mú ọ wọlé, wọ́n ní kó fi ibi tó o máa jókòó hàn ọ́. Kò sí ọ̀gá tó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ṣàlàyé fún un. Àwọn ọ̀gá ló ṣẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè bá ọ̀gá jà, ìwọ ló sì ń rí lójoojúmọ́.

Tó bá jẹ́ Màdáàmù yẹn ni, ẹni a bá lábà ni baba. Mi ò ní kí o máa wólẹ̀ níwájú ẹ̀ o. Jẹ́ kó mọ̀ pé o rí iṣẹ́ tó ti ṣe ni. Má lọ bi í pé "báwo lẹ ṣe ń ṣe eléyìí?" Ìbéèrè ẹni tí kò tíì wo nǹkan kan nìyẹn. Kọ́kọ́ ka ìwé ìṣirò oṣù mẹ́ta tó kọjá dáadáa, kí o wá bi í báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo rí i pé àárín oṣù lẹ máa ń san owó àwọn tó ń kó róbà wá, tàwọn yòókù sì di ìparí oṣù. Ṣé àdéhùn kan wà tó yẹ kí n mọ̀, kí n má baà da nǹkan rú?" Ẹni tó ṣètò yẹn fúnra ẹ̀ á fẹ́ sọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá bá yìn ọ́ lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà, sọ ọ́ lójú Màdáàmù pé òun ló là á yé ọ. Tó bá jẹ́ òótọ́ nìkan o. Bí o bá yìn ín lórí ohun tí kò ṣe, á mọ̀, ojú tó fi ń wò ọ́ á sì tún le sí i.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí o yọ kúrò lẹ́nu pátápátá: "Níbi tí mo ti ń bọ̀, báyìí la ṣe ń ṣe é." Mi ò tíì rí gbólóhùn tó ń ba ẹni tuntun jẹ́ lójú àwọn tó bá níbẹ̀ tó ìyẹn. Bí o bá rí ọ̀nà tó dáa ju tiwọn lọ, kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí o fi pamọ́ di ìgbà tí wọ́n bá bi ọ́. Àjèjì lójú, kò fi ríran. Ohun tó dà bí àìmọ̀ọ́ṣe lójú ẹ lónìí, ó lè jẹ́ pé báǹkì kan tàbí agbowó-orí kan ló fà á nígbà tí o kò tíì dé.

Ọmọ_Mushin

Àǹtí mi, ẹ má ra oúnjẹ kankan o.

Bẹ́ ẹ bá ra ìrẹsì àti adìyẹ fún ẹni tí kò tíì dá ẹ káàárọ̀ yín lóhùn, ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn yín ni pé ẹ fẹ́ fi oúnjẹ ra àwọn. Ọjọ́ Ẹtì tó bá tẹ̀ lé e, ọwọ́ yín ni wọ́n á tún máa wò. Ìgbà tó yẹ kí owó yín jáde ni ìgbà tí gbogbo ọ́fíìsì bá ń dá owó: ẹni tó bímọ, ẹni tí òbí ẹ̀ kú, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Bí wọ́n bá ní kí kálukú mú ẹgbẹ̀rún méjì náírà wá, ẹ jẹ́ kí tiyín wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, kẹ́ ẹ má sì fi kún un. Ẹni tuntun tó bá dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún níbi tí àwọn tó kù ti dá méjì ti dójú ti àwọn tó kù.

Ní ti búkà, ẹ má dúró de ẹni tó máa pè yín. Bí wọ́n bá ti dìde, kẹ́yin náà dìde. Ẹ jókòó sí tábìlì tó sún mọ́ tiwọn, ẹ kí wọn, ẹ jẹ oúnjẹ yín, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má fagbára wọ inú ọ̀rọ̀ wọn. Mo mọ̀ pé oúnjẹ inú fúláàsì látilé dín owó kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dá jẹun nídìí kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, àwọn tó kù lè rò pé òun gan-an ni kò fẹ́ bá wọn da nǹkan pọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Manchester

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa níbí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń múra láti wá ṣiṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì wà lára ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á.

Nílé wa, ẹni tí a bá kí tí kò dáhùn ti ránṣẹ́ sí wa nìyẹn. Ara wa ti gba ìyẹn láti kékeré. Ní wọ́ọ̀dù níbí, ó lè jẹ́ pé ẹni tí kò gbójú sókè ń ka iye oògùn ni, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun dí òun lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á kọjá lára yín, á ní "You alright?", kò ní dúró gbọ́ èsì. Ìkíni ni, kì í ṣe ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ àwa tí a tilé wá ló máa ń lọ sunkún nínú yàrá ìwẹ̀ lórí ohun tí kì í ṣe ìkórìíra rárá. Ẹ má ka àìkíni sí ọ̀tá títí tẹ́ ẹ máa fi rí ohun míì tó bá a rìn.

Nǹkan tó ń bí wọn nínú lára tiwa náà wà, wọn ò sì ní sọ. Tíì wà lára ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ po tíì nígbà ìsinmi á bi àwọn tó wà nítòsí bóyá wọ́n máa mu. Bí ẹ bá ń po tiyín nìkan lójoojúmọ́, ẹ̀yin ni wọ́n á máa pè ní aláìlọ́yàyà. Orúkọ tún ń kọ́? Bí ẹ bá ń pe obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ní "Ma" ṣáá, inú òmíràn kì í dùn sí i, lójú tiẹ̀ ẹ sọ ọ́ darúgbó. Ó nira fún wa láti fi orúkọ pe ẹni tó ju ìyá wa lọ, mo mọ̀. Ẹ bi oníkálukú ní ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ máa pe òun, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yà yín tàbí ẹ̀sìn yín ni wọ́n ń fi dà yín láàmú, òfin Equality Act ti ọdún 2010 dá a lẹ́kun. Nínú NHS, ètò ìlera ìjọba ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Freedom to Speak Up Guardian tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Ìròyìn tí agbẹjọ́rò Robert Francis gbé jáde lọ́dún 2015 ló fa ìdásílẹ̀ wọn. Acas, àjọ tó ń rí sí aáwọ̀ níbi iṣẹ́, náà ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu mọ́ ni ìbẹ̀rù físà, torí bí iṣẹ́ bá bọ́, ọgọ́ta ọjọ́ (60) ni ìjọba sábà máa ń fún èèyàn láti wá agbanisíṣẹ́ míì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, RCN tàbí UNISON, láti oṣù tẹ́ ẹ bá dé. Ẹgbẹ́ kì í sábà gbèjà ẹni lórí ọ̀rọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́_Aláúsá

Iṣẹ́ ìjọba ni tèmi, ibẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ilé iṣẹ́ aládàáni. Ẹni tó ń ṣọ́ gẹ́ètì, mẹ́sẹ́ńjà, àwọn dráífà, ìyá tó ń gbálẹ̀: ẹ kọ́ orúkọ gbogbo wọn, kẹ́ ẹ máa kí wọn tọkàntọkàn, kó má jẹ́ torí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló mọ ìtàn ilé náà. Ìbéèrè tí Ìyá_Àgbà_HR ní kẹ́ ẹ wádìí, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti máa gbọ́ ìdáhùn ẹ̀ láìdá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ forúkọ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ owó kékeré lẹ máa fi pamọ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ àwọn ará ẹ̀ka míì. Yàrá tẹ́ ẹ wà lè tutù bí ó ṣe fẹ́, kì í ṣe òun nìkan ni ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá lọ́rẹ̀ẹ́ kan ní ẹ̀ka ọjà títà àti òmíràn ní ilé ìkẹ́rùsí, ọkàn rẹ̀ kì í rẹ̀wẹ̀sì bọ̀rọ̀.

Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ga ní ipò tí Màdáàmù sì dàgbà jù yín lọ, "Ma" lẹ ó máa pè é. Ipò yín kò ní bọ́ nítorí ìyẹn. Iṣẹ́ tó bá yẹ kó ṣe, ẹ fún un, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́ ma" lẹ́nu.

Ti_Pẹ́_Níbẹ̀

Gbogbo yín ń bá ẹni tuntun sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tó wà nínú àwa tí a ti pẹ́.

Owó ni àkọ́kọ́, àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ ọ́ jáde. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, gbogbo nǹkan ló gbówó lórí. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba èèyàn láti ìta lẹ́yìn ìgbà náà gbọ́dọ̀ pe owó tó lè fa onítọ̀hún kúrò níbi tó wà. Àwa tí a wà nílé, ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni wọ́n ń fi kún tiwa, nígbà tí wọ́n bá rántí. Mo mọ ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń gba owó oṣù tó ju ti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ lọ. Ẹ fojú inú wo ìyẹn. Torí náà, àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ iye owó oṣù rẹ, má fi àwàdà sọ ọ́, má sì jẹ́ kí ìwé owó oṣù rẹ wà lórí tábìlì.

Èkejì, a máa ń kọ́ wọn, wọ́n á sì lọ. Bí àwọn mélòó kan bá ti wá tẹ̀ lé ara wọn, tí kálukú wọn lo oṣù díẹ̀ tó sì fò lọ sí Kánádà tàbí sí ilé iṣẹ́ tó sanwó jù, ó máa ń rẹ èèyàn láti tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ohun tó o rí lójú wọn yẹn, àárẹ̀ lè wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: wọ́n lè rò pé etí ọ̀gá ni ọ́. Bó o bá ń wọ ọ́fíìsì ọ̀gá tó o sì ń ti ilẹ̀kùn, tàbí tí ọ̀gá bá ń sọ ohun tí wọ́n bá ọ sọ ní búkà, ó tán. Ohunkóhun tó o bá gbọ́ nínú yàrá yẹn, kó kú sínú rẹ. Kò sí ẹ̀bùn tó lè ṣe iṣẹ́ tí ìyẹn máa ṣe fún ọ. Wọ́n á dán ọ wò. Wọ́n á sọ nǹkan kan tí kò tó nǹkan níwájú rẹ, wọ́n á wá máa retí bóyá á tẹ̀yìn ọ̀gá padà wá.

Ọmọ_Núpé

Mi ò kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni mo dàgbà sí, Ìbàdàn sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ibẹ̀ níbi iṣẹ́, bí ẹni tuntun tí kò gbọ́ Yorùbá bá wọlé, ẹ dákun, ẹ yí èdè padà, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín ní èdè tí onítọ̀hún kò gbọ́, ara ẹ̀ ni á rò pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Mo gbọ́ èdè náà ní tèmi, ṣùgbọ́n mo ti rí ojú àwọn tí kò gbọ́ ọ.

Akáǹtì_Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi ìyá tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ọgbọ́n. Òótọ́ ni ẹ sọ. Màdáàmù ló ń di ipò náà mú láti ìgbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ ti lọ, gbogbo ènìyàn ló sì gbà pé tirẹ̀ ni. Àánú ẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo gbọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan míì ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá pè mí, ó ní kí ló dé tí a kò tíì san owó ẹni kan tó ń kó ọjà fún wa, pé onítọ̀hún ti ń halẹ̀ pé òun ò ní kó ọjà wá mọ́. Mi ò rí ìwé owó náà, ìyẹn ìwé tó fi béèrè owó rẹ̀, sójú rárá. Màdáàmù ní òun ti fún mi. Kò fún mi. Àwọn yòókù gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí. Ṣé a ṣì lè pe eléyìí ní àìlọ́yàyà?

Ìyá_Àgbà_HR

Rárá, ọmọ mi. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn má kí ọ, ọ̀tọ̀ ni kó fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọ. Àkọ́kọ́, o lè fara dà á títí ọkàn rẹ̀ á fi rọ̀. Èkejì, o kò gbọ́dọ̀ fara dà á, torí orúkọ rẹ ló ń bàjẹ́, o sì wà ní àkókò ìdánwò, wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀.

Lọ bá a lẹ́ẹ̀kan, ìwọ àti òun nìkan, nígbà tí yàrá bá ti dá. Má bá a jiyàn lórí bóyá ó fún ọ tàbí kò fún ọ. Bó o bá sọ pé irọ́ ló pa, ogun dé nìyẹn, o kò sì ní ẹlẹ́rìí. Sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń bọ̀: "Ma, mi ò fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn tún kan èmi tàbí ẹ̀yin. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ìwé owó máa dé ọwọ́ mi?" Jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa mú ọ̀nà náà wá.

Ọjọ́ náà gan-an, kọ ímeèlì kékeré sí i. Kí ó ṣe bí ìdúpẹ́, kó sì jẹ́ àkọsílẹ̀: "Ẹ ṣeun fún ìjíròrò wa lónìí. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹnu kò, ibi báyìí ni èmi ó ti máa gba ìwé owó láràárọ̀, èmi ó sì máa buwọ́ lu èyí tí mo bá gbà. Títí di òní, àwọn tó wà lọ́wọ́ mi nìwọ̀nyí." Kí o wá to orúkọ wọn. Má fi ọ̀rọ̀ ìbínú kankan sí i. Má tíì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ní ti àkọ́kọ́, á dà bíi pé o fẹjọ́ sùn. Bí ìwé bá tún sọnù lẹ́yìn èyí, o ti ní ohun tó o máa fi han ọ̀gá.

Ìwé kékeré tó wà lápò rẹ, máa kọ ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n sọ àti ẹni tó wà níbẹ̀ sínú ẹ̀. Ilé ni kí o máa fi í sí, kò gbọ́dọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. HR á bi ọ́ ní ọjọ́ àti aago. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú "gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣe mí báyìí" nìkan, ó máa ń ṣòro láti ràn án lọ́wọ́, bí inú wa ṣe fẹ́ tó.

Olùkọ́_Yunifásítì

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan méjì kún un. Lọ́dún 1968 ni Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé ohun tí èèyàn bá ń rí lemọ́lemọ́ máa ń wọ̀ ọ́ lọ́kàn, bí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan míì fún un. Ẹ máa kí wọn láàárọ̀ bí wọn ò tilẹ̀ dáhùn, ohùn kan náà, ojú kan náà, láìsí ìkanra.

Heinz Leymann tó ṣiṣẹ́ ní Sweden ní tirẹ̀ kọ́ nípa bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń gbógun ti ẹnì kan láàárín wọn. Ohun tó fi ń dá a mọ̀ ni pé kó máa ṣẹlẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ìwọ̀n tó fi ṣe ìwádìí ni o, ẹnikẹ́ni má jókòó retí oṣù mẹ́fà kó tó wá ìrànlọ́wọ́. Mo mú un wá torí pé ó ń jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí ojú èèyàn le àti ohun tí wọ́n dìídì ń ṣe sí ẹnì kan láìdáwọ́ dúró.

Ẹgbẹ́_Òṣìṣẹ́

Ní ti òfin: Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé 190 (C190) ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ lọ́dún 2022; ọdún 2019 ni wọ́n ṣe àdéhùn náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 2010 ni ilé ẹjọ́ National Industrial Court ti ní àṣẹ lórí ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ àti ìfìbálòpọ̀-yọni-lẹ́nu níbi iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìyẹn, ẹ má fi pamọ́ sínú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà ọ́fíìsì ni.

Ọ̀rọ̀ ti àǹtí yìí kò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ìwé tó sọ ipò yín, iṣẹ́ yín àti owó oṣù yín wà lọ́wọ́ yín. Òfin Labour Act ní kí agbanisíṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Bí ìwé bá sọ pé iṣẹ́ kan jẹ́ tiyín, ẹnikẹ́ni kò lè ní kì í ṣe tiyín. Bí kò bá sì sí nínú ìwé, wọn ò lè dédé gbé ẹ̀bi rẹ̀ rù yín.

Ti_Pẹ́_Níbẹ̀

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá_Àgbà_HR sọ, àyàfi ibì kan. Bó bá jẹ́ pé owó tó tóbi ni ìwé tó sọnù yẹn, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ lójú ẹsẹ̀ pé kò dé ọwọ́ yín, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní akáǹtì, ẹni tó bá dákẹ́ lórí owó, ẹ̀bi á bá a níbẹ̀.

Ìyá_Àgbà_HR

Mo gbà. Owó ńlá kò ní dúró de pẹ̀lẹ́tù.

Akáǹtì_Tuntun

Mo ti bá Màdáàmù sọ̀rọ̀. Mo dúró títí àwọn yòókù fi lọ bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Mo lo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́ mi gan-an. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Wọ́n tiẹ̀ sọ fún ẹ pé èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ yìí?" Mo ní wọn ò sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń gbà mí, ẹ̀yìn tí mo dé ni mo gbọ́, àti pé mo ti ka ìwé ìṣirò, mo rí i pé kò sí oṣù kan tí ìṣirò rẹ̀ kò pé. Òótọ́ ni mo sọ. Kò dúpẹ́, kò bínú. Ó nawọ́ sí tíréè onírin kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí n máa wo ibẹ̀ láràárọ̀. Mo kọ ímeèlì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún ọ̀gá pé ìwé tó bi mí kò dé ọwọ́ mi, mo sì ti rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó kó ọjà náà wá. A ti san án.

Láti ìgbà náà, ìwé ń dé sínú tíréè. Wọn ò tíì máa bá mi ṣeré, mo ṣì ń dá jẹun ní tábìlì mi ní búkà, ṣùgbọ́n mo ń lọ. Ó kù gúrúùpù WhatsApp yẹn. Ṣé kí n ní kí ọ̀gá fi mí sí i?

Ọmọ_Mushin

Ẹ má gba ọwọ́ ọ̀gá. Ta ló ń kéde ìpàdé níbẹ̀? Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí onítọ̀hún tààrà: "Ẹ kú iṣẹ́. Ìpàdé ti ọjọ́ Ajé yí àkókò padà, mi ò sì gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà yìí sí gúrúùpù ẹ̀ka." Ẹ fi nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi yín sí i, ẹ kí wọn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ máa kà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ní gúrúùpù míì tí wọ́n ti ń ṣàwàdà. Èyí tí wọ́n ti ń kéde iṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ béèrè fún.